Òjò Tó Rọ̀ Sórí Ahoro: Bí Ewì Labid Ṣe Fi Ìgbà Sọ̀rọ̀ Ìbànújẹ́

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, bóyá ni òmíràn wà tó wọ́pọ̀ tó èyí tó ní ọjọ́ ń gorí ọjọ́, oṣù ń gorí oṣù, ìbànújẹ́ náà yóò sì lọ. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìgbà fúnra rẹ̀ ní oògùn lọ́wọ́. Bí òjò ọdún yìí bá dá, bí oyé bá dé tó sì kọjá, ara yóò tu ẹni náà. Àmọ́ ẹ bi opó tí ọkọ rẹ̀ kú ní ìgbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo. Yóò sọ fún yín pé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ tún rọ̀ ní ọdún kejì, kì í ṣe ìtura ni ó bá a wọlé. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló gbé ọjọ́ náà dìde fún un, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àná ni.

Akéwì Lárúbáwá kan wà tó mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú, ó sì ti kéwì lé e lórí láti ohun tó lé ní 1,400 ọdún sẹ́yìn. Labid ọmọ Rabi'ah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Banu Amir ní ilẹ̀ Najd, tó wà láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Lárúbáwá. Ewì rẹ̀ tó lókìkí jù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ewì gígùn méje tí à ń pè ní Mu'allaqat, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọn tí a so kọ́. Ìtàn àtayébáyé kan sọ pé ara ilé Ka'aba ni wọ́n so wọ́n kọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gba ìtàn náà wọlé. Ìgbà àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé, ni Labid ké ewì yìí. Ẹ̀yìn náà ni ó wá gba Ìsìláàmù, tó di sàhábà Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, tó sì fi ìlú Kufa ṣe ibùgbé títí tó fi kú ní nǹkan bí ọdún 661. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn púpọ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ yin ìlà kan nínú ewì rẹ̀, ó ní òun ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òdodo jù lọ nínú ohun tí akéwì kan tíì sọ. Hádíìsì náà wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim.

Àwọn tó bá gba ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá kọjá lọ́dọ̀ wa, ìbáà ṣe ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn tàbí ní Agége, kò ní ṣàì mọ orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀: bí a ṣe ń kọ́ ewì náà kì í sábàá jẹ́ kí a gbọ́ ohun tó ń sọ. A óò tú ọ̀rọ̀ líle, a óò wo gírámà, a óò kọ́ ọ sórí fún ìdánwò, a óò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀ pé ènìyàn kan ni ó dúró níbẹ̀ tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ibi tí ó dúró sí ni ahoro. Ewì náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ṣí kúrò, ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Mina, èyí tí àwọn olùtúmọ̀ sọ pé kì í ṣe Mina tí àwọn alálàájì ń lọ. Àgọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó kù ni kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí àgọ́ ká kí omi má bàa wọlé, àti koríko tí wọ́n fi dí ihò ara rẹ̀. Akéwì ka àwọn ọdún tó ti kọjá lórí ibẹ̀, ó ka oṣù ọ̀wọ̀ àti oṣù tí kì í ṣe ti ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa òjò.

Níbí ni kí a ti dúró díẹ̀. Ará Najd kì í fi òjò ṣeré. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, òjò rẹ̀ kò tó nǹkan, ìgbà òtútù sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ni ó sì máa ń rọ̀. Bí ó bá rọ̀, koríko a hù, ràkúnmí a sì ní wàrà. Ìgbà koríko tútù yìí ni wọ́n ń pè ní rabi', òun sì ni ìgbà tí inú ènìyàn ń dùn jù lọ nínú ọdún. Ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀: òun ló wà nínú orúkọ oṣù Rabi'ul-Awwal, oṣù tí àwa mọ̀ mọ́ Mọ́lúùdì. Àmọ́ nítorí pé òṣùpá ni a fi ń ka oṣù Ìsìláàmù, tí ọdún rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, oṣù náà kì í dúró lójú kan. Á máa fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, títí yóò fi yí gbogbo ìgbà ká láàárín nǹkan bí ọdún 33. Orúkọ ìgbà koríko ṣì wà lórí rẹ̀, ìgbà náà gan-an sì ti fi í sílẹ̀.

Òjò rabi' yìí, tí gbogbo ayé ń gbàdúrà fún, ni Labid dá rọ̀ sórí ahoro ilé àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó rọ̀ ọ́ lóru, ó rọ̀ ọ́ lówùúrọ̀, ó rọ̀ ọ́ lálẹ́, pẹ̀lú ààrá tí ń dá ara wọn lóhùn. Ewéko igbó yọ, ó ga. Èsúró bímọ ní ẹ̀gbẹ́ àfonífojì, ògòǹgò yé ẹyin, àwọn ẹranko ojú ńlá dúró ti ọmọ wọn tuntun. Ibi tí ènìyàn ti ń bímọ tẹ́lẹ̀, ẹranko ló ń bí níbẹ̀ báyìí. Akéwì kò bú òjò, kò sì bú ẹranko. Ó kàn fi ojú wa rí i pé ayé ò dúró de ẹnikẹ́ni. Koríko kò mọ̀ pé ilé ẹnìkan ni òun hù lé lórí.

Àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ni òjò náà tún ṣe níbẹ̀, òun ló sì mú mi lọ́kàn jù nínú apá yìí. Ènìyàn lè rò pé àgbàrá yóò pa ojú ibẹ̀ rẹ́. Labid ní ọ̀nà mìíràn ló gbà: àgbàrá ṣán iyanrìn kúrò, gbogbo ohun tó ti bò sì tún hàn síta. Ó fi í wé ìwé àtijọ́ tí wọ́n tún fi kálàmù kọ yípo, kí lẹ́tà rẹ̀ lè dúdú padà. Ó tún fi í wé obìnrin tí ń fín ara, tó tún tẹ dúdú sí ojú fínfín àtijọ́. Èyí gan-an ni opó tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ń sọ. Ìgbà tó padà wá kò pa nǹkan rẹ́. Ó tún un kọ. Nígbà tí Labid sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn òkúta léèrè ibi tí àwọn èèyàn lọ, òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lẹ́kun, ó ní báwo ni a ṣe ń bi òkúta tí kò gbọ́ràn.

Kí ló kó àwọn ènìyàn náà lọ? Kì í ṣe ogun, kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn. Ìgbà náà ni. Àwọn darandaran ilẹ̀ náà máa ń pàdé lórí koríko kan náà nígbà rabi', ẹ̀yà yìí pẹ̀lú ẹ̀yà tọ̀hún, wọn a sì di ojúlùmọ̀. Bí ooru bá dé tí koríko gbẹ, olúkúlùkù a yà sídìí kànga tirẹ̀. Nawar, obìnrin tí ọkàn akéwì fà sí, bá àwọn tirẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ kan náà tó kó wọn jọ ló tú wọn ká. Ẹni tó bá ń gbé ní ìlú ńlá lè má tètè yé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìṣe àwọn Fúlàní darandaran yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Títí dé ibí, ìpínyà lásán ni ọ̀rọ̀ náà. Ikú wọ inú ewì yìí láti ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn kò retí. Akéwì ń yin ràkúnmí rẹ̀, bí àṣà wọn, ó ń fi ìyára rẹ̀ wé ti oríṣiríṣi ẹranko. Ó kọ́kọ́ fi í wé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ igbó tí òun àti aya rẹ̀ jẹ koríko tútù fún oṣù mẹ́fà ní ìgbà òtútù láìmu omi, tí ẹ̀fúùfù ooru sì wá lé wọn sáré dé odò. Apá yìí dára, ṣùgbọ́n n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó fi í wé abo ẹranko kan tí Lárúbáwá ń pè ní màlúù igbó. Màlúù ilé kọ́ o. Ẹranko aṣálẹ̀ ni, funfun, oníwo gígùn, ó jọ ìgalà jù. Ìkookò ti gbé ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ti fà á ya. Òun kò mọ̀.

Ẹ wo bí akéwì ṣe lo ìgbà níbí. Òjò tó ń hù koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ewì tún dé, àmọ́ òru ni, kò dáwọ́ dúró, ẹ̀yìn ẹranko náà ni ó ń da lé. Ìkùukùu bo ìràwọ̀. Ó sá sábẹ́ igi kan tó dá dúró létí òkìtì iyanrìn, iyanrìn náà sì ń ya lulẹ̀ níbi tó fara mọ́. Funfun ara rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn bí ìlẹ̀kẹ̀ inú òkun tó já kúrò lára okùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Ó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri láàárín àwọn adágún omi òjò náà fún ọjọ́ méje gbáko, tọ̀sán-tòru. Ní ìkẹyìn, ó sọ ìrètí nù, ọmú rẹ̀ tó kún sì sún kì. Akéwì kò ṣàì tọ́ka sí i pé kì í ṣe ọmọ ló mu ún gbẹ.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Kí ìyá mọ̀ pé ọmọ kú, ìbànújẹ́ ni. Kí ó máà mọ̀, ìyẹn ni ìbànújẹ́ tí kò ní ẹnu ọ̀nà. Kò sí ìyá kan nínú wa tó ti já ọmọ kékeré gbà lọ́wọ́ ọmú ní tipátipá ikú tí kò ní mọ ohun tí Labid rí lára ẹranko yìí. Ara kò mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Wàrà ń wá ní àsìkò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òjò ṣe ń wá ní àsìkò rẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò gbà á. Ní ìgbà àìmọ̀kan, tí ọkùnrin ń fi ogun àti ọtí ṣakọ nínú ewì, akọni kan ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọmú tó gbẹ.

Kì í sì í ṣe pé ẹranko náà rí àyè ṣọ̀fọ̀ parí. Ó gbọ́ ohùn ọdẹ, ọdẹ sì tú ajá sí i. Ó yíjú padà, ó fi ìwo jà, ó pa ajá méjì tí ewì náà dárúkọ, Kasab àti Sukham. Lẹ́yìn ọjọ́ méje ẹkún, iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin òkú rí tí ẹ sì ní láti lọ sí ọjà lọ́jọ́ kẹjọ kí ọmọ lè jẹun, ẹ mọ bó ṣe rí.

Ó yẹ kí òǹkàwé béèrè bóyá Labid kàn ń fi ọ̀rọ̀ dárà ni, tàbí ọ̀fọ̀ tiẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ìgbà òjò sì ni ó gbà wá. Labid ní ọmọ ìyá kan tó ń jẹ́ Arbad. Ní nǹkan bí ọdún kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá lẹ́yìn Hijra, Arbad bá Amir ọmọ Tufayl, olórí Banu Amir, lọ sí Medina. Ète wọn ni láti pa Ànábì. Ọlọ́run kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, àìsàn kọlu Amir, ó sì kú lójú ọ̀nà ní ilé obìnrin kan. Arbad dé ilé, àmọ́ kò pẹ́ tí ààrá fi sán pa òun àti ràkúnmí rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn olùtúmọ̀ Al-Kùránì so ìṣẹ̀lẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ àáyà ìkẹtàlá nínú Súrà Ra'd, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ ààrá tí Ọlọ́run ń rán.

Labid sunkún arákùnrin rẹ̀ nínú ewì arò tó pọ̀, díẹ̀ nínú wọn sì wà nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé Ànábì tí Ibn Hisham tò. Nínú ọ̀kan, akéwì sọ pé òun ti máa ń bẹ̀rù oríṣiríṣi ikú fún Arbad, ṣùgbọ́n kò wá sí òun lọ́kàn láti bẹ̀rù ìgbà ìràwọ̀ òjò. Kí èyí lè yé wa: àwọn Lárúbáwá àtijọ́ ń fi ìràwọ̀ mọ ìgbà. Bí ìràwọ̀ kan bá ń wọ̀ ní ìdájí, wọn a mọ̀ pé òjò kan tó bá a rìn ti súnmọ́, wọn a sì máa retí rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ta ni yóò bẹ̀rù ìgbà òjò? Ta ni yóò sọ fún arákùnrin rẹ̀ pé kó ṣọ́ra fún ìgbà koríko tútù? Ènìyàn ń ṣọ́ ọ̀kọ̀, ó ń ṣọ́ idà, ohun tí ó ń fi ìyọ̀ dúró dè ló wá gbé ẹni rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, mo rò pé òjò kò tún ní jẹ́ òjò lásán mọ́ ní etí Labid. Gbogbo ìgbà tí ààrá bá sán ní Najd, ikú Arbad ni yóò gbọ́.

Nínú arò mìíràn, tí àwọn onímọ̀ kà sí ọ̀kan nínú èyí tó dára jù lọ ní èdè Lárúbáwá, ó tún padà sọ́dọ̀ ìràwọ̀. Ó ní àwa ń gbó, wọn kò gbó. Wọn yóò máa yọ lẹ́yìn wa, òkè yóò sì wà níbẹ̀. Ó fi ènìyàn wé ìràwọ̀ tó já, tó tàn fún ìṣẹ́jú kan tó sì di eérú. Ó pe ọrọ̀ àti ẹbí ní ohun ìpamọ́ tí a fi sí wa lọ́wọ́, tí a kò ní ṣàì dá padà fún ẹni tó ni ín.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ó bọ́ lójú wa níbí. Ọ̀tá Ànábì ni Arbad nígbà tó kú. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí kò pa arò rẹ̀ rẹ́. Wọ́n kọ ìwà búburú tí ọkùnrin náà fẹ́ hù, wọ́n sì kọ ẹkún arákùnrin rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, nínú ìwé kan náà tí wọ́n fi ń bu ọlá fún Ànábì. Lóde òní, mo ti rí ilé tí wọ́n ti sọ fún ọmọ pé kò gbọ́dọ̀ sunkún bàbá rẹ̀ nítorí pé bàbá náà kì í kírun. Ìdájọ́ òkú wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ tí ń sunkún wà lọ́wọ́ tiwa.

Báwo ni ó ti yẹ kí ọ̀fọ̀ pẹ́ tó? Labid ní èsì kan sí ìyẹn náà. Nígbà tí ikú súnmọ́ ọn, ó kọ ewì kékeré kan sí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa òun, kí wọ́n má ha ojú, kí wọ́n má fá irun, kí wọ́n sì ṣe é fún ọdún kan. Ẹni tó bá ti sunkún ọdún kan, ó ti ṣe tirẹ̀. Kí nìdí ọdún kan? Nítorí pé ọdún kan ni gbogbo ìgbà fi ń yí ká. Wọn yóò ti rí òtútù kan láìsí bàbá, rabi' kan láìsí bàbá, ooru kan láìsí bàbá. Nígbà tí ìgbà kejì bá fi máa dé, ó kéré tán kì í ṣe àkọ́kọ́ mọ́.

Ṣaríà kò fi ìṣirò rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀. Ní ìgbà àìmọ̀kan, opó a wọ yàrá kékeré kan lọ, a wọ aṣọ tó burú jù, kò ní fọwọ́ kan lọ́fínńdà, títí ọdún yóò fi pé, kó tó ju ìgbẹ́ ẹran nù gẹ́gẹ́ bí àmì pé ó ti parí. Hádíìsì nípa rẹ̀ wà nínú ìwé Bukhari. Ìsìláàmù gé e kúrú: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Súrà Baqarah, àáyà 234, là sílẹ̀ fún opó tí kò lóyún. Fún ẹlòmíràn tí kì í ṣe ọkọ, ọ̀fọ̀ tí a ń fi ìmúra hàn kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Umm Habibah, ìyàwó Ànábì, béèrè fún lọ́fínńdà lẹ́yìn ọjọ́ kẹta ikú bàbá rẹ̀, Abu Sufyan, ó fi í ra ara, ó sì sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé kì í ṣe pé òun nílò rẹ̀, àṣẹ tí òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì ló mú òun ṣe é. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́fínńdà. Kò sọ pé ọkàn òun ti gbàgbé bàbá òun. Ara, aṣọ àti ilé ni òfin fi gbèdéke sí. Ta ni ó fi gbèdéke sí ọkàn? Ànábì Ya'qub sunkún Yusuf títí ojú rẹ̀ fi funfun, Al-Kùránì kò sì bá a wí. Ànábì wa fúnra rẹ̀ sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ibrahim ń kú lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní ojú ń sunkún, ọkàn ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu kò ní sọ ju ohun tí yóò tẹ́ Olúwa lọ́rùn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń fi hádíìsì ọjọ́ mẹ́ta pa opó àti abiyamọ lẹ́nu mọ́, bí ẹni pé ìbànújẹ́ ọjọ́ kẹrin ti di ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni òfin wí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú Mu'allaqah, nítorí pé apá ìkẹyìn rẹ̀ ni ìdáhùn gidi wà. Akéwì ti fi ìgbà òtútù dé ibẹ̀ báyìí. Ẹ̀fúùfù àríwá ń fẹ́. Àwa tí a mọ oyé lè fojú inú wò ó, ṣùgbọ́n ti wọn tún burú jù, nítorí pé ebi bá a wá: koríko ti tán, wàrà ti gbẹ. Labid lo ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ẹ̀fúùfù tó dojú kọ ara wọn ní àsìkò yìí. Ọ̀rọ̀ náà wá láti gbòǹgbò kan náà tí wọ́n fi ń pe àwọn obìnrin tí ń sunkún òkú, nítorí pé àwọn náà máa ń dojú kọ ara wọn bí wọ́n ti ń sunkún. Afẹ́fẹ́ òtútù ń ṣọ̀fọ̀. Inú ariwo yẹn ni akéwì ti fi àwọn tí ikú ṣẹ́ kù hàn wá: àwọn obìnrin aláìní tó wá sídìí okùn àgọ́, tí aṣọ wọn ti gbó, tí ó ti kúrú. Ó fi wọ́n wé ràkúnmí tí àwọn ará ìgbà àìmọ̀kan máa ń so mọ́ ẹ̀bá sàréè olówó rẹ̀, láìfún un ní oúnjẹ tàbí omi, títí yóò fi kú. N kò mọ àfiwé mìíràn tó le tó èyí. Òkú ti lọ, wọ́n sì ti so alààyè kan mọ́ ọn.

Àwọn ènìyàn Labid tú okùn náà. Wọ́n pa ràkúnmí, wọ́n kó ẹran kún àwọn àwo ńlá dé ẹnu, àwọn ọmọ òrukàn sì tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní tòótọ́, tẹ́tẹ́ ọfà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò san owó ẹran náà, èyí tí Ìsìláàmù wá ṣe ní hárámù. Ṣùgbọ́n oúnjẹ náà dé ẹnu ọmọ. Níbẹ̀ ni akéwì wá lo ọ̀rọ̀ rabi' tí a ti ń bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ni ó wí, àwọn ni rabi' fún aládùúgbò àti fún àwọn obìnrin tí ohun ìní wọn ti tán, nígbà tí ọdún wọn bá gùn.

Nígbà tí ọdún wọn bá gùn. Ọdún kan náà ni ti gbogbo wa, oṣù méjìlá. Ti ẹni tí ebi ń pa lórí ọ̀fọ̀ ló ń gùn. Rabi' ti ojú ọ̀run ti rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ewì, koríko ló hù fún ẹranko, kò dá ẹnikẹ́ni padà. Rabi' kejì kò ti ojú ọ̀run wá. Ènìyàn ni.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Àwa kì í fi ọ̀fọ̀ ṣeré. Bí ikú bá ṣẹlẹ̀, ilé a kún. A óò ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ààfáà a ka fìdáù, a óò se ìrẹsì, a óò pa màlúù, nígbà mìíràn lórí gbèsè tí ìdílé olóògbé ni yóò san án. Ọ̀pọ̀ a tún péjọ ní ọjọ́ ogójì. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Opó wà nínú ìddà, kò lè jáde bó ṣe fẹ́ láti wá oúnjẹ kiri. Ìgbà wá ń yí. Òjò dé, òrùlé tí bàbá máa ń gun lọ tún ṣe lọ́dọọdún ń jò. Ọdún iléyá dé, àwọn ọmọ ń wo ẹnu ọ̀nà. Oṣù kẹsàn-án dé, owó ilé-ìwé dé. Èmi tí mo ń kọ́ni mọ èyí láti inú kíláàsì: ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní oṣù kìíní kì í sábàá pa ìwé tì ní oṣù kìíní. Oṣù kẹsàn-án ni àga rẹ̀ ń ṣófo. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni ó ń béèrè iṣẹ́ tí òkú náà máa ń ṣe nínú rẹ̀, àwa tí a jẹ ìrẹsì ọjọ́ kẹjọ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Bí ìdílé tàbí ẹgbẹ́ kan bá lè fi ìdajì owó màlúù náà pamọ́ de oṣù kẹsàn-án, n kò rí ààfáà tí yóò sọ pé sàráà náà kò dé ọ̀dọ̀ olóògbé.

Àwọn òpìtàn sọ pé lẹ́yìn tí Labid gba Ìsìláàmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kéwì mọ́. Wọ́n ní nígbà tí Khalífà Umar ránṣẹ́ sí Kufa pé kí àwọn akéwì kọ ohun tí wọ́n ti ké láti ìgbà Ìsìláàmù wá, Súrà Baqarah ni ó kọ sórí ìwé, ó ní èyí ni Ọlọ́run fi rọ́pò ewì fún òun. Àmọ́ kò pa rabi' tì. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan láti ìgbà àtijọ́ pé nígbàkúùgbà tí saba, afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn, bá ti fẹ́, òun yóò pa ẹran, òun yóò sì bọ́ àwọn ènìyàn. Ó ń mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ ní Kufa títí ó fi di arúgbó, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò fi tó mọ́. Ní ọjọ́ kan tí saba fẹ́, al-Walid ọmọ Uqbah, gómìnà Kufa lábẹ́ Khalífà Uthman, gun mínbárì, ó rọ àwọn ènìyàn láti ran Labid lọ́wọ́, òun náà sì fi 100 ràkúnmí ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ewì. Labid kò kéwì mọ́, nítorí náà ó ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ bá òun fèsì. Ọmọ náà kéwì, ó dúpẹ́, ó sì fi kún un ní ìparí pé kí gómìnà tún ṣe irú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ewì náà dára, ì bá má jẹ́ pé ó tún tọrọ. Ọmọ náà dáhùn pé kò sí ìtìjú nínú títọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọba.